Ìbílẹ̀ ta ni? Lórí orúkọ tó yẹ ká máa pe éríà kóòtù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn ló kọ ọ́ lánàá pé éríà kóòtù (area court) táwa ará Kogí máa ń wí, ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ (customary court) náà ni, pé ká yéé fi Gẹ̀ẹ́sì ba èdè jẹ́. Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ sì mọ èdè jù mí lọ, ṣùgbọ́n mi ò lè gbà lórí eléyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Kàbà ni mo wà. Lọ́dọ̀ tiyín lóòótọ́, ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ wà, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n. Tiwa ò bá ibẹ̀ wá. Àríwá ni wọ́n kà wá mọ́ láyé òyìnbó, lẹ́yìn náà a bọ́ sí Kwárà kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀ lóṣù kẹjọ 1991, ibẹ̀ la ti jogún kóòtù yìí. Ní nǹkan bí 1967 sí 1968 làwọn ìpínlẹ̀ Àríwá gba kóòtù kúrò lábẹ́ àwọn ọba àti N.A. (Native Authority, ìjọba ìbílẹ̀ ayé òyìnbó), tí wọ́n fi í sábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ìgbà yẹn ló di éríà kóòtù. Ẹ ò rí i pé tá a bá tún pè é ní ìbílẹ̀, a ti dá a padà síbi tí wọ́n ti yọ ọ́ nìyẹn!

Òfin ilẹ̀ 1978 gan-an, níbi tó ti ń sọ kóòtù tó máa gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ tí lókà gọ́fúmẹ́ǹtì fún èèyàn, abala 41, ó dárúkọ éríà kóòtù, ó ní "tàbí", kó tó wá dárúkọ kọ́sítọ́márì kóòtù, ìyẹn ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ tiyín. Tó bá jẹ́ nǹkan kan náà ni, kí ni "tàbí" yẹn ń ṣe níbẹ̀?

Àmọ́ ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí kì í ṣe ìwé òfin. Bàbá Ebira kan wà tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko bàbá mi láti ìgbà tí mo wà ní púrámárì, wọ́n gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa míì lọ. Ẹnì kan wọnú kaṣú wọn ó gé igi mẹ́rin lulẹ̀, ó ní ààlà òun dé ibẹ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, mo kọ ọ́, mo kà á fún wọn, mo ní kí wọ́n mú un lọ sí "ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀". Bàbá ká ìwé yẹn sínú ọ̀rá, wọn ò dìde. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ní, "Ọmọ mi, èmi ò kúkú ṣe ìbílẹ̀ níbí, ṣé wọ́n á gbọ́ tèmi?" Ara mi bù máṣọ. Mo ní bàbá, éríà kóòtù ni mò ń wí. Wọ́n ní ẹ̀n-ẹ́n, ìyẹn làwọ́n mọ̀, wọ́n sì lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀: ìbí, ilẹ̀. Ẹni tí wọn ò bí sórí ilẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn ti tì í síta kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ kóòtù yẹn, tí kì í bá ti ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, àṣà àwọn tó ń bá ara wọn ṣẹjọ́ ló ń wò, ì báà jẹ́ Òkun (àwa Yorùbá Kogí), Ebira, Ígálà tàbí Nupe, tí wọ́n bá sì jẹ́ Mùsùlùmí tọ́rọ̀ náà jẹ́ ti ìgbéyàwó tàbí ogún, ó lè fi òfin Ìsìláàmù dá a. Èwo ni ìbílẹ̀ nínú ìyẹn?

Ọ̀rọ̀ yìí náà ló ba orúkọ ilé-ẹjọ́ òkè jẹ́. Ìwé òfin ìjọba Nàìjíríà ti 1999 gba ìpínlẹ̀ láyè láti ní kòtẹ́milọ́rùn méjì tó jẹ́ tiẹ̀, Kogí sì ní méjèèjì ní Lọ́kọ́ja: ti Ṣàríà tó jẹ́ tàwọn Kádì (adájọ́ òfin Ìsìláàmù), àti èyí táwọn oníròyìn ń pè ní kòtẹ́milọ́rùn ìbílẹ̀. Kòtẹ́milọ́rùn dùn gan-an lọ́rọ̀, ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ gbọ́ èdè, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Ìparí orúkọ náà ni ká tún ṣe: Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Òfin Àṣà, torí òfin àṣà ni iṣẹ́ ẹ̀, ẹjọ́ ọ̀daràn ò kàn án. Ẹjọ́ lè kúrò níbẹ̀ lọ sí Kòtẹ́milọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n má baà máa ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọ̀kan.

Àǹtí tó ní ká pè é ní "ilé-ẹjọ́ àgbègbè", tiyín sàn, kò lé ẹnikẹ́ni síta. Àmọ́ ẹ bi ará ọjà Kàbà wò, éríà kóòtù ni wọ́n máa sọ fún yín. A ò túmọ̀ májísíréètì, èdè ò bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ éríà náà lọ́nà Yorùbá ká fi àmì sí i.

Àpá éríà kóòtù (Upper Area Court, èyí tó ga ju éríà kóòtù lọ) ni mi ò tíì rí ojútùú ẹ̀. Tá a bá fi "gíga" sí i, á dà pọ̀ mọ́ ilé-ẹjọ́ gíga. Mò ń rò ó sí éríà kóòtù àgbà, ẹni tó bá ní èyí tó jù ú lọ kó gbé e wá.