Mo wá jábọ̀: ìpàdé ẹbí wa n'Íkòròdú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi tí mo bèèrè níjọ́sí pé báwo la ṣe lè máa ṣèpàdé nínú ilé láìdìjà, kí owó ọjà lè dínkù, mo ti dé. A ti ń ṣèpàdé, a sì ti ń gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò ìrẹsì nílé.

Ẹni tó ní kí n fi ọmọ ṣe akọ̀wé, ẹ ṣé gan-an! Àbígbẹ̀yìn mi kọ ọ́ gbàgàdà sínú ìwé pé: "Dádì ò bomi rin ẹ̀fọ́ fọ́jọ́ méjì." Ojú tì mí.

Ewédú àti tẹ̀tẹ̀ inú àpò ìrẹsì ti ń tó wa jẹ. Oṣù kan rèé tá ò ra ẹ̀fọ́ lọ́jà Sábó. Ata nìkan ló kú. A ò lu ihò sísàlẹ̀ àpò tiẹ̀, lomi bá rà á ní gbòǹgbò. Ó di ìpàdé Sọ́ńdè. Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé.