Wọ́n fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ obìnrin ní ìjọ wa: kí ni ó yẹ kí n fi sílẹ̀?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ Ìyá Aránṣọ, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín o. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe, mo sì bí ọmọ mẹ́ta. Àbíkẹ́yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ó di oṣù mẹ́jọ báyìí tí wọ́n fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ obìnrin ní ìjọ wa, nígbà tí ìyá tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó lọ bá ọmọ wọn ní Èkó. N kò tọrọ ipò náà. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n dárúkọ mi, mo sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ìpè.

Láti ìgbà náà, àdúrà ìdájí ọjọ́ Sátidé, ààwẹ̀ ọjọ́rú, ìbẹ̀wò àwọn aláìsàn àti ìsìnkú kò jẹ́ kí n fi bẹ́ẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi mọ́. Ní oṣù tí ó kọjá, mo gba ogún aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó kan, ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni méje nínú wọn tó dé ọwọ́ àwọn tí ó ni wọ́n. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ìyá ìyàwó pé iṣẹ́ Olúwa ni ó dí mi lọ́wọ́, ó wò mí títí, ó ní, “Ṣé Olúwa yín ni mo san owó fún ni?” Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ọ̀ràn kejì ni ó wúwo jù. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, tí ó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, yá 150,000 náírà nínú owó ìrànwọ́ wa láti fi ra ọjà. Òfin wa ni pé ẹni tí gbèsè rẹ̀ bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ yóò fi ipò sílẹ̀ títí yóò fi san án. Oṣù karùn-ún nìyí. Ní ọdún tí ó kọjá, opó kan pàdánù ipò igbákejì akápò nítorí 40,000 náírà, èmi náà sì wà lára àwọn tí ó ní òfin ni òfin. Ó ń ṣe mí bíi pé kí n fi owó oúnjẹ ilé san gbèsè yìí ní kọ̀rọ̀. Ọkọ mi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ṣé èyí wà lára fífi ara ẹni rúbọ tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ olórí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Alàgbà, Iléṣà

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, arábìnrin. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá ń ka wákàtí kò tíì ṣe tán láti jẹ́ olórí. Ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ni Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà ní ọdún 1928, tí ó ń wa ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń tẹ ọ̀nà, nígbà tí ó gbọ́ ìpè Ọlọ́run, ó sì fi iṣẹ́ tí ó ní owó oṣù sílẹ̀. Lẹ́yìn ìsọjí ńlá Òkè-Ooyè ní Iléṣà níbí ní ọdún 1930, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni iṣẹ́ Olúwa tún gbé e lọ ní ìlú Benin ní ọdún 1932. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ ìránṣọ fa ọwọ́ yín sẹ́yìn.

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi

Ẹ dákun, Bàbá Alàgbà, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni ẹ sọ nípa Babalọlá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe fi iṣẹ́ náà sílẹ̀: ó jọ̀wọ́ iṣẹ́ fún àwọn tí ó gbà á síṣẹ́ ni, kò gba owó oṣù ìjọba kí ó sì pa ẹ̀rọ tì sẹ́bàá ọ̀nà. Arábìnrin wa gba owó oníbàárà, kò sì rán aṣọ náà bọ́ sí àkókò. Àkókò tí ó fi bẹ aláìsàn wò ní ọ̀sẹ̀ yẹn kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, ó ti tà á. Ẹran ẹlẹ́ran kọ́ ni à ń mú lọ sí orí pẹpẹ.

Aránṣọ ẹlẹgbẹ́ yín ni Pọ́ọ̀lù, bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé àgọ́ pípa ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọdún kan àti oṣù mẹ́fà ni ó fi wà ní Kọ́ríńtì, ilé Ákúílà àti Pírísílà ni ó sì ti ń bá wọn ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó ń dágbére fún àwọn alàgbà Éfésù, ó rán wọn létí pé ọwọ́ òun ni ó bọ́ òun àti àwọn tí ó wà pẹ̀lú òun. Ìkóra-ẹni-níjàánu tiyín ni pé kí ẹ dín iye aṣọ tí ẹ ń gbà kù, kí owó tí ń wọlé sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Ìyẹn ni yóò dùn yín, tiyín sì ni.

Ìyá Ìbejì

Ọmọ mi, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wà ní irú ipò yẹn, mo sì ṣe àṣìṣe tí o ń ṣe yìí. Ọmọ mi kejì sọ fún olùkọ́ rẹ̀ nígbà kan pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá òun ń gbé. Wọ́n rò pé àwàdà ni, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ta ni ó sọ pé ìwọ nìkan ni kí o máa bẹ gbogbo aláìsàn wò? Àna Mósè rí i tí ó ń dá ẹjọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó sì sọ fún un pé ohun tí ó ń ṣe kò dára, nítorí pé yóò dá Mósè fúnra rẹ̀ àti àwọn ènìyàn lágara. Pín àdúgbò fún àwọn ìyá mẹ́fà kí o sì gbà wọ́n gbọ́, bí wọn kò tilẹ̀ ṣe é bí ìwọ ìbá ti ṣe é. Fífi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn máa ń dun àwa olórí ju ààwẹ̀ lọ, bí a kò bá ní tan ara wa.

Ní tèmi, ẹnu mi ni ohun tí ó ṣòro jù fún mi láti fi sílẹ̀. Kí n tó di olórí, mo lè fèsì ọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bú mi ní ìpàdé, n óò sì lọ sílé láìsọ nǹkan kan. N kò tún lọ sí òde àṣálẹ́ ọjọ́ Jímọ́ mọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá jó títí di òru kò lè darí àdúrà ìdájí láìtòògbé.

Akápò Àgbà

Arábìnrin, ẹ má ṣe san gbèsè náà ní kọ̀rọ̀. Owó oúnjẹ ilé tí ọkọ yín kò mọ̀ sí kì í ṣe ẹbọ yín, oúnjẹ ọmọ yín ni. Bí opó yẹn bá sì gbọ́ lọ́la, kò ní í gba ẹnikẹ́ni nínú yín gbọ́ mọ́.

Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ọdún méjìlá ni Nehemáyà fi kọ̀ láti jẹ oúnjẹ tí ó tọ́ sí gómìnà. Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni pé, nígbà tí ó ń bá àwọn ìjòyè wí nítorí èlé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn arákùnrin wọn, ó ka ara rẹ̀, àwọn arákùnrin rẹ̀ àti àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ mọ́ àwọn tí ó ń yá ni lówó, ó sì ní kí gbogbo wọn jáwọ́. Ti Élì àlùfáà yàtọ̀: ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ wí ní ẹnu, ṣùgbọ́n kò dá wọn lẹ́kun.

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá àbúrò yín ní ilé, kí ó má bàa jẹ́ pé ní ìpàdé ni yóò ti gbọ́ ọ. Ẹ gbé ọ̀ràn náà síwájú ìgbìmọ̀, kí ẹ sì jáde nígbà tí wọ́n bá ń dá a. Bí ó bá ti fi ipò sílẹ̀, tí ẹ̀yin àti ọkọ yín sì fohùn ṣọ̀kan láti ràn án lọ́wọ́, ẹ san án ní gbangba. Ẹ má sì gbàgbé opó náà o.

Ìyá Aránṣọ

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti sọ fún ọkọ mi. Ó bínú, lẹ́yìn náà ó bi mí pé kí ni ó dé tí n kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Mo lọ bá àbúrò mi ní alẹ́ àná. Ó gbọ́ mi tán, ó ní kí n má ṣe pe òun ní ọmọ ìyá mi mọ́, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó ní ọjọ́ Àìkú. Ní ọ̀la, èmi àti èyí tí ó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi yóò lọ dá owó ìránṣọ aṣọ méje padà fún ìyá ìyàwó. Láti ibẹ̀ ni n óò ti yà sí ilé opó náà. N kò tíì mọ ọ̀rọ̀ tí n óò kọ́kọ́ sọ fún un.