"Ihò" àti "bíìtì" nínú iṣẹ́ káfíńtà: èsì sí àbá tó wà nílẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀fà dábàá pé kí a pe mọ́tísì (ojúhò tí à ń gbẹ́ sára igi kí ẹnu igi mìíràn lè wọ inú rẹ̀) ní "ihò" lásán, kí "bíìtì" sì jẹ́ orúkọ gbogbo irin tí à ń ki bọ ẹnu díríìlì onídùúró, ẹ̀rọ ìluhò tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ má bínú sà, n kò fara mọ́ ọn.

Ìṣó ń dá ihò, kòkòrò náà ń dá ihò sára pákó. Mọ́tísì ní ìwọ̀n: pákó tó nípọn tó 30 mm, mọ́tísì rẹ̀ kì í sábà fẹ̀ ju 10 mm lọ, kí ògiri méjèèjì má baà là. Igi mìíràn ni yóò sì wọ inú rẹ̀ ṣinṣin. À ń ki ọwọ́ bọ àpò. Nítorí náà mo dábàá "àkibọ̀" fún tẹ́nọ̀n (ẹnu igi tó ń wọ inú mọ́tísì), "ihò àkibọ̀" fún mọ́tísì. Káfíńtà tó ń sọ "mọ́tísì" ní Ìlọrin yóò gbọ́ ọ láìsí ògbufọ̀.

Ti bíìtì gan-an ló ká mi lára jù. Bíìtì tó ń lu ihò, orí rẹ̀ nìkan ló ń gé igi. Ojú ọ̀nà èérún ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò tẹ̀ tàbí kó kán. Irin ìmílì, ìyẹn bíìtì tí à ń fi fá nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́, mú lórí, ó mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí eyín rẹ̀ bá sì dé àárín orí, ó ń wọlẹ̀ tààrà. Mo pe àkọ́kọ́ ní "bíìtì aluhò", mo pe èkejì ní "bíìtì ajẹ̀gbẹ́". Bíìtì rúútà, ti ẹ̀rọ ìgbẹ́gi tó ń sáré yí, kò sí nínú èyí: ìyípo tó ju 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan ló fẹ́, ọ̀pọ̀ díríìlì onídùúró kò sì ju nǹkan bí 3,000 lọ, yóò kàn máa fa igi ya ni.

Ẹnìkan bèèrè ìdí tí "gbẹ́" kò fi tó. Ìṣe méjì ló wà níbẹ̀: lílu sísàlẹ̀ àti fífá lẹ́gbẹ̀ẹ́. A ó fi fáìsì di pákó mú sórí tábìlì tó ń sún, a ó fi bíìtì ajẹ̀gbẹ́ lu ìpẹ̀kun méjèèjì, ká tó lu àárín, kí ihò máa gun ara wọn díẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó fá ohun tó yọ gọnbu láàárín wọn, 1 tàbí 2 mm lẹ́ẹ̀kan, kí igi máa lọ pàdé eyín bíìtì. Bí igi bá ń lọ síbi tí eyín náà ń yí sí, bíìtì yóò já igi gbà. Ẹ má sì fi agbára fá a: títẹ̀ sísàlẹ̀ la ṣe ẹ̀rọ yìí fún. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹnu tó di bíìtì mú kàn há mọ́ imú ọ̀pá tó ń yí i ni. Bí a bá ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáá, yóò tú, yóò já bọ́ tòun ti bíìtì tó ń yí. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbọ́ "lu" gbọ́dọ̀ mọ̀ pé a kò ní kó fá.

Ó ku ìpẹ̀kun, tí bíìtì máa ń fi sílẹ̀ ní róbótó. A lè fi ṣísẹ́ẹ̀lì sọ ọ́ di onígun, tàbí ká fi ráàsìpù, fáìlì igi, yí etí àkibọ̀ róbótó. Irú àkibọ̀ tí a yí létí yìí kò tíì ní orúkọ. Ẹni tó bá ní ọ̀kan, kó mú un wá.