Ṣé baba ńlá ìgbín ní ìkarahun?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Mo mọ̀ pé ìbátan ni ìgbín, ìsáwùrú àti octopus, ẹran òkun ọlọ́wọ́ mẹ́jọ (ti octopus yẹn ṣì ń yà mí lẹ́nu). Kimberella ló rú mi lójú, ẹ̀dá inú òkun tí wọ́n rí àmì rẹ̀ nínú òkúta ní Rọ́ṣíà àti Ọsirélíà, láti nǹkan bí mílíọ̀nù 555 ọdún sẹ́yìn. Ó jọ pé ó ń ha oúnjẹ nílẹ̀ òkun bí ìgbín ṣe ń fi ahọ́n eléyín rẹ̀ ha ewé, ṣùgbọ́n wọn ò rí ahọ́n ọ̀hún. Ṣé híha nìkan tó láti kà á mọ́ ẹbí wọn?

Ìkarahun kan ṣoṣo ni baba ńlá wọn gbé, àbí ọ̀pọ̀ ìpẹ́? Ìpẹ́ lèmi rò, torí chiton, ẹ̀dá òkun kan tó jẹ́ ìbátan wọn, ṣì ní mẹ́jọ lẹ́yìn títí dòní.