Wọ́n fẹ́ wo ọ̀nà tí èdè ń gbà nínú ọpọlọ ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n tó yọ kókó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là á yé mi

àbúrò_ẹ̀:
Ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú tó bá gùn. Wọ́n rí kókó kan nínú ọpọlọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, apá òsì, gìrì tó gbé e lẹ́ẹ̀mejì ló jẹ́ ká mọ̀. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ dáadáa o, àfi ìgbà míì tí orúkọ nǹkan á kàn ṣàdédé sọ nù mọ́ ọn lẹ́nu, á wá máa nàka sí i. Dókítà ní àwọn á kọ́kọ́ gbé e wọ MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, á máa ronú ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, wọ́n á wá fi ìyẹn mọ ibi tí èdè wà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an àwọn máa jí i láàárín iṣẹ́, pẹ̀lú agbárí ẹ̀ ní ṣíṣí, kó máa bá wọn sọ̀rọ̀, ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà mí, n ò tíì sùn dáadáa látìgbà náà. Tí MRI bá ti fi ibẹ̀ hàn, kí ni wọ́n tún ń jí i sí? Ṣé kò ní dùn ún? Olùkọ́ ni o, ẹnu ẹ̀ ló fi ń jẹun.

ìdí_skáànì:
Pẹ̀lẹ́ o. Ìdí ẹ̀rọ yẹn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, jẹ́ kí n sọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí ò lè ṣe. fMRI, ìyẹn MRI tó ń wo ọpọlọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kì í rí ọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń rí. Ibi tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn á ya lọ síbẹ̀, ẹ̀rọ á sì mọ̀ ọ́n. A lè ní kó máa ronú gbogbo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B, lọ́kàn o, torí tí orí bá mì àwòrán ti bàjẹ́ nìyẹn, lẹ́yìn náà á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó dáa gan-an láti mọ apá tí èdè fìdí sí. Òsì ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kódà fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo ọwọ́ òsì. Nígbà kan, abẹ́rẹ́ tí dókítà Juhn Wada gbé jáde ní 1949 ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, wọ́n á fi oògùn pa ìlàjì ọpọlọ lóorun fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n wò ó bóyá ọ̀rọ̀ á dá lẹ́nu ẹni náà.

Ṣùgbọ́n ibi tó tàn nínú àwòrán lè jẹ́ ibi tó kàn ń bá wọn dá sí i, tí wọ́n bá gé e, ọ̀rọ̀ ò ní bàjẹ́. Ibi tí ò tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó náà, ó lè jẹ́ pé kókó yẹn ló da ìṣàn ẹ̀jẹ̀ rú níbẹ̀, kì í ṣe pé kò sí èdè ńbẹ̀. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù tí ẹnì kan bá fi àwòrán nìkan gbára lé.

Ìkejì, èdè kì í ṣe ojú kan. Dókítà Broca sọ̀rọ̀ nípa apá iwájú ọpọlọ ní 1861, dókítà Wernicke nípa apá ẹ̀yìn ní 1874, àwọn okùn tó so wọ́n pọ̀ lábẹ́ ló wá ṣe pàtàkì, pàápàá èyí tó tẹ̀ bí ọrun tí wọ́n ń pè ní arcuate fasciculus. Tí wọ́n bá gé okùn, ojúlé méjèèjì á wà, ọ̀nà á ti dí. DTI, irú àwòrán MRI míì, là ń fi wò ó, bí omi ṣe ń rìn gba gígùn okùn náà ju ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ ló ń tẹ̀ lé. Ibi tí ọpọlọ bá ti wú, okùn tó wà níbẹ̀ lè dà bíi pé kò sí. Tí wọ́n bá tún wá ṣí agbárí, ọpọlọ á yẹ̀ kúrò níbi tó wà nígbà tá a yàwòrán ẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń jí i nìyẹn.

mo_ti_là_á_kọjá:
Àbúrò mi, wọ́n ṣe é fún mi, mo ṣì ń sọ̀rọ̀. Ọpọlọ fúnra ẹ̀ kì í mọ ìrora. Awọ orí ló máa ń mọ̀ ọ́n, wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ tó pa á kú. Ohun tó nira fún mi ni òùngbẹ àti ẹ̀gbẹ́ kan tí mo fi sùn fún wákàtí púpọ̀.

Nígbà tí mo lajú, obìnrin kan jókòó síwájú mi, ó ń fi àwòrán hàn mí, èmi ń sọ pé "èyí ni ilé", "èyí ni ajá". Dókítà wà lẹ́yìn, ó ń fi iná mànàmáná díẹ̀, mílíámpù mélòó kan péré, kan ibi kékeré kékeré. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ hàn mí. Mo mọ̀ ọ́n! Mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn la fi ń ṣí, àmọ́ orúkọ ẹ̀ ò wá. "Èyí ni… èyí ni…" Ó gbé iná kúrò, "kọ́kọ́rọ́!" ni mo pariwo. Wọ́n fi bébà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí síbẹ̀, wọn ò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Bí wọ́n ṣe ń wọlé jìnlẹ̀ sí i, ó níbi tí mo pe tábìlì ní àga, obìnrin yẹn ní "ẹ dúró", wọ́n dúró. Gìrì lè dé nítorí iná yẹn, omi tútù ni wọ́n máa ń yára dà sórí ọpọlọ láti pa á. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀rọ̀ mi wúwo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo sunkún, kó tó padà. Ẹ sọ ìyẹn fún un ṣáájú, kó má bàa rò pé ó ti tán.

àbúrò_ẹ̀:
Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ máa dáa sí i. Èdè méjì ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń kọ́ni, ṣé wọ́n á yẹ méjèèjì wò? Mi ò rántí bi dókítà.

tẹ́rápísìtì_ọ̀rọ̀:
Bi í lọ́la, má fi falẹ̀. Láti 1978 ni àwọn olùṣèwádìí méjì, Ojemann àti Whitaker, ti fi hàn pé ibi tó ń dí èdè kan lọ́wọ́ lè má dí èkejì, torí náà tí wọ́n bá yẹ ọ̀kan ṣoṣo wò, wọ́n lè gé èkejì láìmọ̀. Kó sọ èdè tó fi ń gbé ayé ẹ̀ gan-an.

Ní tìtorí jíjí, ní 2012 De Witt Hamer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó ìwádìí tó kan aláìsàn 8,091 pọ̀, ìpalára ńlá tó kù lẹ́yìn jẹ́ 3.4% níbi tí wọ́n ti fi iná yẹ ọpọlọ wò, ó jẹ́ 8.2% níbi tí wọn ò ti ṣe é. Wọ́n tún ń yọ kókó tó pọ̀ sí i.

Ohun tí ẹ̀yin ará ilé lè ṣe: àwọn àwòrán yẹn, wọ́n á kọ́kọ́ fi hàn án ṣáájú, èyí tí ò bá lè pè, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, kó má díbọ́n pé òun mọ̀ ọ́n. Tó bá kùnà lórí tábìlì, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iná ló fà á, kì í ṣe àárẹ̀ àtilẹ̀wá.

àbúrò_ẹ̀:
Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, èdè méjèèjì, àwòrán, ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ lè wúwo. Mo kà á fún un báyìí, ibi kọ́kọ́rọ́ yẹn ló ní kí n tún kà. Ó ní "aago" ló máa ń sọ nù mọ́ òun lẹ́nu jù, kí n sọ fún wọn kí wọ́n yọ ọ́.