Kí ni "upstage" gan-an? Ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, à ń múra eré ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lánàá, olùdarí eré ní kí n gbé igbá omi lọ "upstage". Ni mo bá rọra ń bọ̀ níwájú, níbi táwọn òǹwòran máa jókòó sí. Ẹ̀rín pa wọ́n! Èmi ọmọ ilẹ̀ tí Hubert Ogunde ti jáde! Ẹ̀yìn pátápátá lòun wí, ó ní láyé àtijọ́, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ làwọn òyìnbó ń kan ìtàgé, ẹ̀yìn á ga ju iwájú lọ. Ìyẹn yé mi.

Èyí tí kò yé mi ni pé mo kà á nínú ìwé ìròyìn pé ọ̀rẹ́ ìyàwó "upstaged" ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ṣé ó tì í sẹ́yìn ni? Àbí aṣọ ló fi gba ojú àwọn èèyàn mọ́ ọn lọ́wọ́? (Ẹ sì mọ̀ wá ní Ìjẹ̀bú, a kì í fi òde ṣeré.) Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé èébú ni, àbí mo lè fi yin ọmọdé tó ṣeré ju àgbà lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní gbólóhùn méjì péré. Ọjọ́ Sátidé la tún ń pàdé.