Àlọbọ̀, ìpẹ́lọ́nà, ségesège: ọ̀rọ̀ tá a máa lò fún géèmù orí sátẹ́láìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Mo rí àbá tí ẹ̀gbọ́n wa kan mú wá pé ká máa pe ohun tí Òyìnbó ń pè ní latency, ìyẹn àkókò tí àmì máa ń lò lójú ọ̀nà kó tó dé ibi tó ń lọ, ní "ìfalẹ̀", mo sì rí bí ẹlòmíì ṣe fèsì pé rárá, "ìdádúró" ló dáa jù torí ó rọrùn lẹ́nu. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì, mo sì fẹ́ sọ ìdí ẹ̀ kó yé wa, torí ọ̀rọ̀ tá a bá fọwọ́ sí lè dé inú géèmù tí wọ́n bá túmọ̀ sí Yorùbá lọ́la, tó bá sì ti débẹ̀ tán, yíyọ ẹ̀ á di wàhálà.

Ẹ wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ń gbá géèmù oníbọn pẹ̀lú àwọn ẹlòmíì, orí sátẹ́láìtì ni íntánẹ́ẹ̀tì tó ń lò ń gbà wọlé. Ó rí ọ̀tá níwájú ẹ̀, ó yìnbọn, ọ̀tá yẹn ṣì ń rìn lọ bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, kó tó mọ̀, òun fúnra ẹ̀ ló ti kú. Á pariwo pé "nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi ń falẹ̀". Àwọn tó ń bá a gbá á ní kó lọ ra èyí tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á lọ sanwó fún èyí tó tóbi, Mbps ẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n íntánẹ́ẹ̀tì, á ròkè, fídíò á máa ṣí wàrà, géèmù ńlá tó máa ń fi odindi òru dáńlóòdù á wọlé láàárín wákàtí mélòó kan, àmọ́ tó bá padà sínú géèmù oníbọn yẹn, ibi tó bá ọ̀rọ̀ náà dé tẹ́lẹ̀ ló ṣì máa bá a. Ọ̀rọ̀ "falẹ̀" yẹn ló ṣì í lọ́nà, ó jẹ́ kó rò pé ìyára ni nǹkan tóun ń wá.

Sátẹ́láìtì tí wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, èyí téèyàn máa ń kọ àwo ẹ̀ sí ojú kan tí kì í yí i mọ́, wà ní kìlómítà 35,786 lókè agbedeméjì ayé. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, àmì á gòkè láti orí àwo yín lọ bá sátẹ́láìtì, á sọ̀ kalẹ̀ sí ibùdó ilẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa lọ bá sẹ́fà géèmù, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí géèmù fún gbogbo ẹni tó ń gbá a, èsì náà á tún gòkè, á tún sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló rin ìrìn yẹn, ó lé ní kìlómítà 143,000 lápapọ̀. Eré ìmọ́lẹ̀ ló sì ń sá o, bíi kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, síbẹ̀ ìrìn ojú òfuurufú yẹn nìkan ń gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 477 (ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀ ló ń di ìṣẹ́jú-àáyá kan), tá a bá sì fi iṣẹ́ táwọn ẹ̀rọ ojú ọ̀nà ń ṣe kún un, ó máa ń tó 600 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sóhun tó ń sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ láyé yìí. Kí ló wá falẹ̀ níbẹ̀?

Nínú èdè wa, ẹni tó falẹ̀ lẹni tó lè yára tí ò yára. Ẹ̀sùn ni. A máa ń sọ fún ọmọ pé "má falẹ̀ o" torí a mọ̀ pé ó lágbára láti ṣe é kíá. Ìwà ni falẹ̀ ń sọ, kò sọ nǹkan kan nípa bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kò bá a mu.

"Ìdádúró" ńkọ́? Èmi ò ní kí ẹ sọ ọ́ nù o, ó níbi tó ti wúlò gan-an, ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbá géèmù lọ́wọ́ tẹ́nì kan nínú ilé wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹrù á pọ̀ lẹ́nu ráótà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, àmì géèmù yín á tò sẹ́yìn fídíò yẹn, á máa retí kó kàn án. Ìyẹn gan-an ni ìdádúró, torí nǹkan dá a dúró lóòótọ́, tí fídíò yẹn bá parí, ó parí náà nìyẹn. Tá a bá wá lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ọ̀nà tó jìn àti fún ẹrù tó dí ẹnu ọ̀nà, báwo lẹni tó ń wá àtúnṣe ṣe máa mọ èyí tó ń ṣe òun? Èkíní ò ní àtúnṣe àfi kéèyàn pààrọ̀ sátẹ́láìtì. Èkejì, kéèyàn kàn lọ tún ráótà ẹ̀ tò ni.

Ohun tí mo fẹ́ dábàá fún latency fúnra ẹ̀ ni "ìpẹ́lọ́nà". Ìránṣẹ́ tá a rán lọ sí ọ̀nà jíjìn, tó fẹsẹ̀ rìn dáadáa, tí ò yà síbì kan, tó wá dé lálẹ́, a ò lè sọ pé ó falẹ̀, ohun tá a máa sọ ni pé ó pẹ́ lọ́nà. Ẹnì kan lè ní pípẹ́ lọ́nà náà máa ń jẹ́ ẹ̀sùn nígbà míì, òótọ́ ni, àmọ́ "pẹ́" ń sọ iye àkókò ni, kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ̀yìn tá a bá ti wádìí la máa tó mọ̀ bóyá ọ̀nà ló jìn àbí ẹnì kan ló dá a dúró. Ohun tí mo tún fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé kì í ṣe sátẹ́láìtì nìkan ló bá mu. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú wáyà fáíbà kọjá kì í sáré tó ti òfuurufú, bíi kìlómítà 200,000 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ẹni tí sẹ́fà ẹ̀ wà lókè òkun máa ní ìpẹ́lọ́nà bó tiẹ̀ jẹ́ pé wáyà tó dáa jù ló ń lò.

Iye mílísẹ́kọ́ńdì tí géèmù máa ń kọ sí igun ojú ẹ̀rọ wá ńkọ́, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ping? Èmi ní "àlọbọ̀". Ìpẹ́lọ́nà lè jẹ́ ti àlọ nìkan, àmọ́ nọ́ńbà tá a ń wò yẹn, àlọ àti àbọ̀ ló jẹ́ lóòótọ́, àmì lọ, ó sì mú èsì bọ̀. Àbọ̀ yìí náà ló wà nínú "jábọ̀", ó sì dùn mọ́ mi pé bó ṣe bọ́ síra wọn rèé, torí ohun tí sẹ́fà ń ṣe fún wa nìyẹn, ó ń jábọ̀. "Àlọbọ̀ mi ò ju 40 lọ." "Àlọbọ̀ ẹ ti ga jù, a ò lè fi ẹ́ síwájú." Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún, ó dún bí ọ̀rọ̀ tó ti wà tipẹ́. Àwọn tó ní ká fi "píńgì" sílẹ̀ bó ṣe wà, mi ò bá wọn jà rárá. Mike Muuss tó kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ ping lọ́dún 1983, ìró sónà, ẹ̀rọ tó ń wá nǹkan lábẹ́ omi, ló fi sọ ọ́ lórúkọ, ìró lásán ni, kò nítumọ̀ tá a fẹ́ tú. Ẹ jẹ́ kí píńgì jẹ́ iṣẹ́ tá a ń ṣe, "mo píńgì sẹ́fà", kí àlọbọ̀ jẹ́ iye tó bá jáde.

Mbps gan-an ló bí gbogbo rúkèrúdò yìí. Òyìnbó fúnra wọn ń pè é ní ìyára, àwa náà gbé e bẹ́ẹ̀. Mbps kì í ṣe ìyára, iye ẹrù tó lè kọjá nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ni, ẹ jẹ́ ká pè é ní "ìgbẹ́rù". Géèmù oníbọn kì í ru ẹrù púpọ̀, ibi téèyàn dúró sí, ibi tó kọjú sí, bóyá ó yìnbọn, nǹkan kékeré kékeré báyìí ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ léraléra. Ẹni tó ní ìgbẹ́rù ńlá pẹ̀lú àlọbọ̀ 600 máa gbádùn fíìmù dáadáa, kò ní gbádùn géèmù oníbọn. Tó bá jẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì tàbí géèmù tó jẹ́ "ṣe kí n ṣe" ló ń gbá, kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é rárá.

Orúkọ àwọn sátẹ́láìtì náà. Wọ́n ti dábàá "adúrósójúkan" fún ti òkè réré yẹn, àmọ́ kò dúró o, ó ń sáré bíi kìlómítà 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó kàn ń bá ayé yí ni, ìyẹn ló fi dà bíi pé ojú kan ló wà. Èmi ní "abáyéyípo". Àwọn ti ìsàlẹ̀, irú ti iléeṣẹ́ Starlink tó máa ń wà ní nǹkan bíi kìlómítà 550 sókè, "sátẹ́láìtì ìtòsí" tó. Ìrìn ẹ̀ẹ̀mẹrin tá a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, tá a bá tún un ṣe níbí, kò ju mílísẹ́kọ́ńdì 7 tàbí 8 lọ, ìyókù tó sọ àlọbọ̀ di 25 sí 60, ọ̀nà orí ilẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń pín àyè fáwọn tó ń lò ó ló fà á.

Ìtòsí yìí ló mú ọ̀rọ̀ tó kàn wá, jitter, ìyẹn kí àlọbọ̀ máa yí padà ṣáá. Ẹnì kan túmọ̀ ẹ̀ sí "ìgbọ̀nrìrì". Nǹkan wo ló ń gbọ̀n? Àwọn tó ń gbá géèmù ti ń sọ ọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ní "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège", kò sí èyí tó dáa tó o lójú tèmi. Sátẹ́láìtì ìtòsí kì í pẹ́ kọjá lórí wa, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 síra wọn ni Starlink sì máa ń tún èyí tí àwo kọ̀ọ̀kan máa bá sọ̀rọ̀ pín, àlọbọ̀ lè jẹ́ 35 báyìí, kó fò sí 90, kó padà sí 40. Àlọbọ̀ 80 tí ò yí padà dáa ju èyí tó ń ṣe ségesège láàárín 30 sí 110 lọ, torí géèmù lè fi èyí tí ò yí padà ṣe ìṣirò.

Ìṣirò yẹn náà ń fẹ́ orúkọ. Láti ìgbà géèmù oníbọn QuakeWorld lọ́dún 1996 ni ẹ̀rọ ọwọ́ wa ti máa ń sún wa síwájú lójú ẹsẹ̀ láìdúró de sẹ́fà, tí sẹ́fà bá wá ní ibi tó gbé wa sí kọ́ la wà, a óò rí i pé nǹkan kàn fà wá padà wìì. Wọ́n ní ká pe ìsún síwájú yẹn ní "àsọtẹ́lẹ̀". Àsọtẹ́lẹ̀ wúwo jù, ìran ni wọ́n ń rí kí wọ́n tó sọ ọ́, ẹ̀rọ yìí ò rí nǹkan kan, ó ń méfò ni, nítorí náà "ìméfò". Fífà padà yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ ká pè ní "ìfàsẹ́yìn". Mo mọ̀ pé a ti ń lò ó fún ohun tí ò lọ déédéé nínú iṣẹ́, kò burú, níbí ẹsẹ̀ èèyàn gan-an ni wọ́n fà sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Packet, ìyẹn ẹyọ kékeré kékeré tí wọ́n ń pín ohun tá a fi ránṣẹ́ sí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ní "pákẹ́ẹ̀tì". Mo mọ̀ pé "ìdì" dùn létí, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tá a bá ń tẹ fóònù, "idi" tó sọnù lójú òjò á di ìdí, á di ẹyẹ idì, àlàyé á wá pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Pákẹ́ẹ̀tì sọnù torí òjò ṣú sáàárín àwo àti sátẹ́láìtì, tàbí torí ẹ̀ka igi bo ojú àwo. Gbogbo wa gbọ́ ọ.

Èyí tí ọkàn mi ò tíì balẹ̀ lé lórí ni àkókò tí sátẹ́láìtì kan bá ń fi àwo wa sílẹ̀ fún èkejì. "Ìfàlélọ́wọ́" ni mo ní lọ́wọ́, ó gùn díẹ̀, àmọ́ "ìgbàṣe" táwọn kan ń sọ ń dún bíi pé iṣẹ́ ni wọ́n gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbá géèmù lórí ti ìtòsí lójoojúmọ́, tí gbogbo nǹkan bá dúró gbagidi fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tó sì tún ń lọ, kí lẹ máa ń sọ fún àwọn tẹ́ ẹ jọ wà nínú géèmù?